Elégédé Tó Là Kí Ìdíje Tó Dé

                                        Ilé tó kángun sí adágún,
                                        Pointe-à-Doucet,
                                        Nova Scotia.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ọ̀wàrà.

Zélica, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù ti mú ní Montréal, jọ̀ọ́ máa wọ ìbọ̀sẹ̀. Àwa náà wà, ara le, ẹnu sì ń jẹun. Wàá rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni; kíláàsì àgbà tí mò ń lọ nírọ̀lẹ́ ti ń so èso. Bí mo bá ń fọ́nnu, fara dà á, ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ.

O mọ̀ pé níbí, elégédé ńlá inú ọgbà ẹni nìkan lèèyàn lè gbẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú omi wọ ìdíje orí adágún. Ìdí nìyẹn tí Mireille, ọmọ Rosaire ọmọ wa, fi ń wá sí ọgbà wa láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́. Nígbà tó fẹ́ yan èyí tó máa gbé e, Théophile ọkọ mi ní kó mú èyí tó ga fíofío. Ó ní rárá, ìyẹn máa dojú dé ni. Ó mú èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó fẹ̀ bíi tábìlì ìjẹun wa, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wú ju èkejì lọ. Ó burẹ́wà, Zélica. Ó dà bíi màlúù tó dùbúlẹ̀. Inú mi dùn pé ó yàn án ṣáá, torí èyí tó ga yẹn jẹrà nídìí kó tó gbó.

Nígbà tó yá, Théophile fẹ́ràn nǹkan náà ju èmi lọ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì wa ló ń fi bò ó lálẹ́. Èmi ń gbọ̀n, elégédé ń móoru. Ojú kòkòrò wá wọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń wọn elégédé kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ó sì fẹ́ kí tiwa wúwo ju ti Anselme aládùúgbò wa. Ló bá ń da omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò sọ fún Mireille. Elégédé mu omi, mu omi, ó là. A gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, bí ìgbà tí pákó bá ṣẹ́. Ojú ibi tó là gùn tó apá mi, ó sì wọlé dé inú.

Èyí tó bá là, wọn kì í wọ̀n ọ́n. Ìyẹn ò dun Mireille. Ohun tó dùn ún ni pé omi máa gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní òmíràn tó lè gbé e. Gbogbo wàhálà ọdún yìí fẹ́ lọ báyẹn. Théophile jókòó, ó kọjú sí ògiri, kò jẹun. Anselme wá yọjú lẹ́yìn ọgbà.

"Ẹ kúkú gbé e kaná," ló wí. "Ọbẹ̀ rẹ̀ á tó yín jẹ dé Ọdún Àjíǹde."

Mireille ní, "Ẹ lọ tọ́jú ṣíbí yín, Bàbá Anselme. Tí mo bá rì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bù ú."

Kí wọ́n tó gbẹ́ elégédé, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sómi kó fúnra rẹ̀ yan ẹ̀gbẹ́ tó máa fi léfòó. Katakata Rosaire gbé tiwa lọ. Ó yí, ó yí, ó dúró, ojú ibi tó là wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì lókè omi, ìdajì nísàlẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Àmọ́ Mireille wọ inú omi lọ, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì tó wú yẹn. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ojú ibi tó là ń gòkè.

"Màmá àgbà," ló wí, "ọ̀lẹ ni. Ẹ jẹ́ ká fún un ní nǹkan tó máa fara tì."

Òkè gan-an làwọn yòókù ń gé ẹnu ọkọ̀, ibi tí wọ́n ń gbà wọ inú rẹ̀, sí. Ẹ̀gbẹ́ tó là ni òun gé tirẹ̀ sí, débi pé ìwọ̀n ìka kan péré ló ṣẹ́ kù nínú ojú ibi tó là. Èmi ni mo kó inú rẹ̀ jáde. Ó ní kí n ha ẹ̀gbẹ́ tó là kó fúyẹ́, kí n jẹ́ kí òdìkejì nípọn, ó sì tún gbé àpò iyanrìn lé ibẹ̀ kí ẹnu náà lè kọjú sókè.

Lọ́jọ́ ìdíje, ọkọ̀ wa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀mùtí tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Mireille kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, ó mú àjẹ̀, ó rọra ń wà á, torí ìgbì kékeré ti tó láti gba ojú ibi tó là wọlé. Àwọn tó ń sáré ń dojú dé. Ọmọ Anselme wà lára wọn. Mi ò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ Anselme mú.

Théophile ti ní òun ò ní wá wò ó. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí Mireille gúnlẹ̀ ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí i. Ẹnì kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wọ inú omi tútù yẹn lọ tòun ti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ni. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, torí ẹni tí wọ́n bá ràn lọ́wọ́ ti jáde nínú ìdíje nìyẹn. Ó kàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi dé àyà rẹ̀.

"Má wẹ̀yìn, ọmọ mi," ló ń wí. "Mo ti dé. Ṣáà máa wà á."

Wọ́n jọ gúnlẹ̀. Mireille ṣe ipò kẹrin. Bó ṣe fò sílẹ̀ tó dì mọ́ bàbá àgbà rẹ̀, elégédé náà rì sẹ́yìn wọn, kò sì sẹ́ni tó yíjú wò ó.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Théophile ń sín, ó ní kí n kí ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ ló kọ ọ́,
Eulalie.