Eyín Òkè Tí Màmá Mi Ní Kí N Má Yọ

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Agége níbí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́ tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Kí wọ́n rọra kà á, kí wọ́n má fo ibì kankan. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, kí gbogbo ará ilé lè rí i pé ọmọ yín tí kò kàwé débì kan náà lè kọ lẹ́tà.

Iṣẹ́ ń lọ. Kò sí ilé iṣẹ́ kan láti Ògbà dé Ìkẹjà tí ẹ̀rọ iná wọn máa jó, tí wọn ò ní wá mi wá kí n bá wọn rìwáyà rẹ̀, kí n fi wáyà tuntun rọ́pò èyí tó jó. Eyín mi ni mo fi ń bó wáyà láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Àwọn mìíràn á máa wá abẹ kiri. Èmi á ki wáyà bọ ẹnu, n ó fà á, rọ́bà rẹ̀ á bọ́. Mo máa ń yangàn pé orín tí ẹ kọ́ mi láti máa run ló fún mi lágbára yẹn.

Màmá, eyín òkè tí mo fi ń bó wáyà gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo fóònù yín lásìkò òjò pé ó ń ro mí dé etí, ẹ ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́, pé ẹni tó bá yọ eyín òkè, ojú rẹ̀ á fọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè pàṣẹ fún mi láyé yìí. Mo ń fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu, mo gbà á mọ́ra. Ẹni tó ń dá gbé yàrá tí ẹnu ń ro, kò sẹ́ni tó máa bá a po ògì. Nígbà tó yá, kò ro mí mọ́. Mo ní mo ti ṣẹ́gun.

Àfi bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣe wú, tí ọyún ń tú sí mi lẹ́nu. Mo lọ bá dọ́kítà eyín kan lápá Aláúsá, ọmọbìnrin tí àbíkẹ́yìn mi pàápàá dàgbà jù. Ó ní wáyà tí mo ń bó ló sán eyín náà, ẹran inú rẹ̀ ti kú, ìdí nìyẹn tí kò fi ro mí mọ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dojú rú. Èmi mọ̀ pé ohun tó bá ń roni ló ń ṣàìsàn. Báwo ni èyí tí kò ro mí ṣe wá burú jù?

Ó ní wọ́n lè yọ ọ́, wọ́n sì lè lu ihò sí i, kí wọ́n kó òkú ẹran inú gbòǹgbò rẹ̀ dànù, kí wọ́n dí i, kí wọ́n fi ohun líle dé e lórí bíi fìlà. Mo ní ó yé mi, bí ìgbà tí mo bá tú kọ́ìlì tó jó ni, wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò yé mi délẹ̀. Èmi máa ń fi wáyà tuntun sí i, ẹ̀rọ á sì jí. Wọn ò ní fi ohun alààyè kankan sínú eyín yìí. Mo bi í pé kí ni mo fẹ́ fi òkú ṣe lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ṣé kó máa bá yín sọ̀rọ̀ ni, àbí kẹ́ ẹ máa fi jẹran?

Mo sọ ti ojú fún un. Ó ní yíyọ eyín ò fọ́ ojú ẹnikẹ́ni, pé ọyún tí mo fi sílẹ̀ ló lè ràn débi tó léwu. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ní erìgì mi, ìdọ̀tí tó gan mọ́ ìdí eyín ló fà á. Orín dára, ṣùgbọ́n kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu kí n tó sùn, kí n sì dín míńírà dídùn tí mo ń mu kù. Màmá, ta ló ń fọ ẹnu nítorí oorun?

Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹ̀yin lẹ bí mi, eyín yín sì pé lẹ́nu títí dòní. Òun ló fi iná wo ẹnu mi. Ọyún ò ní dúró de èsì yín. Ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ. Mo ní kí wọ́n má yọ ọ́, kí wọ́n kó inú rẹ̀ ni, kí n má bàa tàpá sí àṣẹ yín. Owó rẹ̀ ju ti yíyọ lọ, mo ní mo lè san án. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó inú rẹ̀ dànù tán, tó ṣì dúró síbẹ̀, lójú tiyín, ṣé mo ti yọ ọ́ ni àbí n kò yọ ọ́? Bí ẹ bá ń gbàdúrà fún eyín mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú mi kún un.

Olúwa á dá yín sí fún wa, oúnjẹ ò ní kan lẹ́nu yín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín ní Agége,
Àjàní