Bàbá Jẹ́kótán àti Orin Karùn-ún

A bí Bàbá wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Jẹ́kótán, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, nínú ilé onípákó kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Káfíńtà ni bàbá tó bí i lọ́mọ, aránṣọ ni ìyá rẹ̀, òun sì ni ẹ̀kẹrin nínú ọmọ mẹ́fà. Ó parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ó sì bá bàbá rẹ̀ fá pákó fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní 1961, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò.

Ní 1967, Bàbá ra giramafóònù kan àti àwo kékeré márùn-ún lọ́wọ́ atukọ̀ kan tó ń lọ sílé. Ẹgbẹ́ olórin kan ṣoṣo ló kọ márààrún, àwọn ọ̀dọ́kùnrin onígìtá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí wọn kàn káyé nígbà náà. Bàbá kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń wí, ọ̀rọ̀ tara rẹ̀ ló fi ń dí àlàfo. Kí á má parọ́ mọ́ òkú, ohùn rẹ̀ kò dára rárá.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí iwájú ilé. Nínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fíìmù, ènìyàn kò lè rí aago, nítorí náà orin ni Bàbá fi ń ka àkókò. Ó kọ orúkọ orin márààrún sí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn, ó sì kọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún síwájú rẹ̀. Èyí tó fi ìlù bẹ̀rẹ̀ wà fún fífọ fọ́tò. Karùn-ún, orin pẹ̀lẹ́ kan tó gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ló wà fún fíìmù fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí kí orin yìí tó parí, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, gbogbo iṣẹ́ á bàjẹ́. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, ohun kan náà ni yóò gbọ́ láti inú: "Ẹ jẹ́ kó tán ná." Bí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ́bìnrin atẹ̀wé kan wá ya fọ́tò ní 1969, ó sì dúró ní gbogbo ìgbà tí orin karùn-ún ń lọ. Nígbà tó sú u, ó béèrè láti ìta pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣẹ́ lẹ ń ṣe ni àbí ijó?" Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi oògùn nù. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1970, orin yẹn sì di ti àwọn méjèèjì.

Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni Bàbá nínú ìjọ, ìjókòó ẹ̀yìn ló fẹ́ràn. Fún ọgbọ̀n ọdún, ó ń lọ sílé àwọn arúgbó àdúgbò tí kò lè rìn mọ́, ó ń ya fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1991, Ìyá wa ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì dákẹ́ kí dókítà tó dé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá ra aago kan tó máa ń dún fúnra rẹ̀, kò sì fi orin fọ fíìmù mọ́. Àwa ọmọ rò pé ọ̀làjú ni.

Ní 2021, àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn Bàbá àti apá ọ̀tún rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Bó ṣe ń tú ẹrù, ó rí àwo karùn-ún ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ Ìyá, tí wọ́n fi gèlè wé. Inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ yẹn, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, ó ń fi orin náà sí i fún Bàbá. Omijé á dà lójú Bàbá, á gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, á máa jù ú. Ọmọ rẹ̀ á sọ fún àlejò pé, "Ẹ wò ó, ó ń jó." Ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá dágbére fáyé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀, obìnrin tó ń fi bírọ́ọ̀ṣì tún fọ́tò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù láyé ọjọ́un wá kí wa. Ó rí àwo náà lórí tábìlì.

"Ta ló gbé eléyìí jáde?" Ó jókòó kó tó lè sọ ìyókù. Lọ́jọ́ tí Ìyá kú, Ìyá kan ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn nígbà tí orin karùn-ún ń lọ. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wá, àyà mi." Bàbá dá a lóhùn pé, "Jẹ́ kó tán ná." Nígbà tí orin parí, tó ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn níbẹ̀ ló ti bá a. Dókítà sọ fún un pé bó bá tilẹ̀ tètè ṣílẹ̀kùn, kì bá tí yí nǹkan kan padà. Bàbá kò gbà. Ó bẹ obìnrin yìí pé kí àwọn ọmọ má gbọ́, ó sì ní òun kò fẹ́ gbọ́ orin yẹn mọ́ láyé òun.

Ìgbà náà ni àkọ́bí Bàbá mọ ohun tí ọwọ́ òsì yẹn ń wí. Kì í ṣe ijó. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó pa orin náà. Àwọn àbúrò ń pẹ̀tù sí i pé, "Ẹ̀yin ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Òun náà kò gbà.

Nítorí náà, orin tí a ti kéde pé a ó fi sin Bàbá kò ní wáyé mọ́. A bẹ̀ yín kí ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí a bá ń gbé pósí wọlẹ̀.

Bàbá fi àbúrò ọkùnrin kan sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: àkọ́bí rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀, àti àbígbẹ̀yìn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ọmọ-ọmọ méje. Àkọ́bí rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí, ó sì ń tọrọ àforíjì níwájú gbogbo yín.

Bàbá, a ti pa orin náà. Ilẹ̀kùn ti ṣí, Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sùn re o.