Àmín Tí Mo Ṣe Lónìí

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le koko.

Mò ń fi bèbí onírọ́bà kọ́ àwọn dókítà bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí gìrì mú, ni wọ́n bá gbé ọmọ gidi wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà lélẹ̀, ó fún un lóògùn, ara rẹ̀ sì rọ̀. Ìyá ọmọ náà dì mọ́ mi.

“Dókítà, Ọlọ́run á bá yín wo tiyín.”

Mo ní, “Àmín, ìyá.”

Màámi, ọjọ́ tí gìrì mú tèmi, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń tọ́jú níbí. Kí n tó délé, ẹ ti sin ín. Ǹ bá má ti wá síbí.

Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ mi. Ẹ ní mò ń sùn dáadáa.