Ọṣẹ Dúdú Lọ́nà Èémí

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹta, 1957

Ìyàwó dé. Ẹ̀rọ tó ń wọn èémí ni o, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ — aṣọ ni wọ́n fi bò ó láti Ìbàdàn, gbogbo Òdòdé ló fẹ́ ṣí i wò. Àwa méjì péré la wà ní ibùdó ìwádìí kòkó yìí, èmi àti ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnníyì. Ó-yá ni mò ń pè é níbí, torí "ó yá" ni ìdáhùn rẹ̀ sí ohun gbogbo. Ó ní tí ẹ̀rọ ò bá ka òótọ́ títí Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́rì á gbé e padà, wọn á ti ibùdó pa, iṣẹ́ mi náà á lọ. Èmi tí mo ti ń yan kiri ilé bí ẹni ìjọba.

Bàbá mi gbọ́ pé a fẹ́ mọ bí ewé kòkó ṣe ń mí. Ó ní látìgbà tí òun ti ń gbin kòkó, òun ò tíì gbọ́ kó sín.

Sátidé, 2

Rọ́bà, rọ́bà, rọ́bà. Ọ̀kan láti ara sílíńdà gáàsì tí a ó fi dán an wò sínú ẹ̀rọ. Ọ̀kan láti inú ìgò tí a ó fi ewé sí. Ọ̀kan gba inú ìgò òkúta funfun kọjá — òkúta yẹn a máa jẹ kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, tán pátá, kí abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀rọ lè wá sórí òdo. Eruku ọ̀nà kún inú wọn. Mo fi ọṣẹ dúdú Màmá fọ̀ wọ́n, mo fi abọ́ omi kan ṣàn wọ́n. Kànga ti ń gbẹ, ta ló ń da omi nù? Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi wáyà dè é. Ó wù mí wò.

Ọjọ́ Ajé, 4

Ìyàwó ń purọ́. Irínwó ni iye kábọ́nì dáyọ́ksáìdì tí wọ́n kọ sára sílíńdà. Igba ó lé díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń sọ. A fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rọ́bà. Ibi tó bá ń jò, ọṣẹ á hó níbẹ̀. Kò síbi tó hó. Gáàsì ò jáde, kò sì dé ibi tó ń lọ. Ó-yá ò sọ "ó yá" lónìí. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Irọ́ kan náà.

Ọjọ́rú Eléérú, 6

Fadá fi eérú sí wa níwájú orí. Lẹ́yìn máàsì, Màmá ń bá mi nu èyí tó bọ́ sí mi lójú, ó ní kí n dúpẹ́ pé kì í ṣe eérú èèpo kòkó tí òun fi ń se ọṣẹ, ìyẹn ì bá ti bó mi lójú.

Mo dúró sójú kan. Eérú èèpo kòkó. Iṣẹ́ tí òkúta funfun ń ṣe nínú ìgò, omi eérú náà ń ṣe é! Ọṣẹ tí mi ò ṣàn tán ló ń jẹ gáàsì lójú ọ̀nà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé olè wọlé.

Mo sáré dé ibùdó, mo jẹ́wọ́. Ó-yá ní ǹ bá kúkú fi ata fọ̀ wọ́n. Ó wá rẹ́rìn-ín: "Ó yá."

Ọjọ́bọ̀, 7

Màmá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú abọ́, kíkan rẹ̀ ló máa pa ọṣẹ. Lẹ́yìn náà omi odò Owena, garawa lórí garawa, títí ahọ́n mi ò fi tọ́ nǹkan kan wò lára rọ́bà mọ́. A sá wọn, wọ́n gbẹ. Mo so wọ́n padà.

Irínwó. Géérégé. Mo sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Bàbá wá. A fi ẹ̀ka kòkó tirẹ̀ sínú ìgò, nínú oòrùn. Abẹ́rẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ewé ń mu ohun tí àwa ń mí síta. Mo fi aṣọ bo ìgò, ó tún ń gòkè: ewé náà ń mí síta. Bàbá ṣí fìlà. Nígbà tó ń lọ, ó gba oko kọjá, mo gbọ́ tó ń kí àwọn kòkó rẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́.

Sátidé, 9

Matthias awakọ̀ gbé lọ́rì dé láti Ìbàdàn, ó ní ẹrù dà. Ó-yá nawọ́ sí mi pé kí n dá a lóhùn. Mo ní kó máa lọ lófo, Ìyàwó ti mọ ilé ọkọ.