Batiri Màmá Kì í Ṣe ti Fírísà

Dúrósinmí,

Mo gbọ́ pé ò ń sọ ọ́ kiri Ìkẹ́rẹ́ pé ayédèrú ni batiri tí mo rà fún Màmá. Igba ampù ni, ìdajì rẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ lò kó má bàa bàjẹ́. Fáànù àti gílóòbù Màmá ń jẹ mẹ́wàá ní wákàtí kan, á gbé wọn fún wákàtí mẹ́wàá. Fírísà tí o fi ń ta omi tútù ń jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí o bá so gbogbo wọn pọ̀, kò lè pé wákàtí mẹ́ta. Ìwọ lò ń jẹ èrè, Màmá ló ń làágùn.

O ní kí ni ará òkè òkun mọ̀ nípa batiri. Irú rẹ̀ ló wà nínú mọ́tò tí mò ń sùn sí. Ó ń tó mi dáadáa, torí n kì í tan hítà.

Bá mi kí Màmá. Sọ fún un pé yàrá mi móoru. Yọ fírísà yẹn kí o tó kí i.

Ayọ̀túndé, ẹ̀gbọ́n rẹ