Ìlà Tó Kù Nínú Àdúrà Mi

Ìkòsí, Kétu,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá.

Hidayat, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ara rẹ ńkọ́? Ṣé oúnjẹ ń wọlé dáadáa? Ṣé àwọn ọmọ iléèwé tí ìjọba ní kí o lọ máa kọ́ l'Óṣogbo kò tíì fi ariwo fọ́ ọ létí? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àfi orúnkún mi tó ní ẹjọ́ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé Daddy mú bírò. Láti ìgbà tí o ti di àgùnbánirọ̀, Mummy rẹ nìkan lò ń pè. Èmi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá na etí, màá ṣe bí ẹni tó ń wo àjà. Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi kì í ṣe ti orí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Ti orúnkún ni kí n kọ́kọ́ sọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ àlùbọ́sà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Mile 12 ni. Mo ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo ń fi Hausa pàṣẹ fún àwọn aláàárù bí ọba, àṣé tòmátì tó ti rà wà lábẹ́ bàtà mi. Ó gbé mi, ó sọ mí mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo oníbàárà. Sàká, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ata níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó fà mí dìde. Dókítà ní kí n jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Hidayat, ṣé o mọ̀ mí sí ẹni tó lè jókòó? Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ti ka gbogbo ihò tó wà lára nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Ràhmát àbúrò rẹ ń wo eré yín yẹn, Afárá Méje, lórí kọ̀ǹpútà. Mo ní kó pa á. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ mo ní kó dín ohùn rẹ̀ kù. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e mo bi í pé kí ló dé tí ọkùnrin yẹn ń fi idà jẹun. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, èmi ni mò ń pariwo láti pálọ̀ pé kó fi abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀, kó wá tan eré. Má rẹ́rìn-ín.

Àwọn Dorúmì tó ń gbé orí afárá yẹn, wọ́n wù mí. Èdè wọn, tí àwọn tó ṣe eré náà hùmọ̀ fúnra wọn, ń lọ geerege bí ẹni tó ń rọ omi sí ìkòkò. Ohun kan ló bí mi nínú lára wọn. Bí àgbà bá ṣẹ ọmọdé, àgbà náà á bọ́ bàtà rẹ̀, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọmọ, á ní "Hásto rímẹ́lì." Ràhmát ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Kò sì ní wọlé títí ọmọ á fi ní kó wọlé. Mo pòṣé. Mo ní irú àgbà wo ló ń bọ́ bàtà fún ọmọ tó bí?

Wàyí o, kí n wá dé ibi tó ń dùn mí. Nínú oṣù Kẹjọ, o wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé lọ́wọ́ rẹ. O ní àwọn tó ń ṣe eré náà ní kí ẹni tó bá gbọ́ Dorúmì, níbikíbi láyé, fi èdè náà túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀ fún ẹni tó ń jáde lọ. Wọ́n á mú ẹyọ kan fún ìyá arúgbó inú eré láti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sójú ogun. O bi mí pé, "Daddy, kí lẹ máa ń sọ gbẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá gbọ́wọ́ lé wa lórí?" Mo gbóhùn sókè kí gbogbo ọjà lè gbọ́, mo ní, "Èdè tí kò nílùú, tí kò lọ́jà! Ta ló fẹ́ fi ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ mi?" Sàká rẹ́rìn-ín, àwọn aláàárù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi ló le jù. O pa ìwé rẹ dé, o lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹta rẹ̀ lo gbéra lọ sí Òṣogbo, nígbà tí mo wà ní mọ́sálásí fún ìrun àsùbáà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí o máa jáde nílé yìí láìjẹ́ pé mo gbọ́wọ́ lé ọ lórí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni iná lọ, ooru mú, mo na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì, mo fa ìwé kan yọ láti fi fẹ́ra. Mo fẹ́ ẹ títí kí n tó rí i pé ìwọ lo kọ ọ́. Apá òsì jẹ́ Yorùbá, apá ọ̀tún jẹ́ Dorúmì. Mo ka apá òsì. Kí o jáde ire, kí o wọlé ire. Kí ẹsẹ̀ rẹ má ṣìnà. Kí o pàdé olóore kí ebi tó pa ọ́. Hidayat, àdúrà mi ni! Àràárọ̀ ni mò ń ṣe é lé yín lórí, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń há a sórí. O fi ìlà tó kẹ́yìn sílẹ̀ lófìfo, o wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pé, "Daddy máa ń sọ ọ́ sínú. Màá bi wọ́n." Mo sunkún. Mummy rẹ bi mí pé ṣé orúnkún ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní kí Ràhmát mú mi dé ibi tí ẹ ti ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kan ní Brazil ń fi Dorúmì kí ọkùnrin kan ní India kú oríire ọmọ tuntun. Ẹlòmíràn ń béèrè pé ará Èkó wọn dà. Ìwọ ni wọ́n ń wá! Mo wá rántí ìgbà tí mo dé Mile 12 láti Ìséyìn, mi ò gbọ́ ẹyọ Hausa kan. Àwọn alálùbọ́sà ń kí mi, èmi náà ń dá wọn lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ. Mi ò dé Kano rí títí dòní. Èdè tí èèyàn méjì bá ti ń fi kí ara wọn, ó ti nílùú. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Sàká, ó ní kí n bá òun béèrè ohun tí àwọn Dorúmì ń pe ata. Jọ̀wọ́ wá a fún un, kó lè jẹ́ kí n sinmi.

Ràhmát ní ìparí oṣù yìí ni wọn ò ní gba ìtumọ̀ mọ́, àti pé o ò tíì fi tìrẹ ránṣẹ́ torí ìlà kan yẹn. Ìlà náà rèé. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ l'Ékòó. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ nítorí pé ó ń sunkún lọ́wọ́, bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni mò ń sọ ọ́. Ó ní, "Kí n má gbọ́ ìròyìn rẹ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹnu rẹ ni kí n ti máa gbọ́ ọ."

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo tún un kà. Oṣù méjì nìyí tí mo ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ lẹ́nu Mummy rẹ. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹnu mi ba àdúrà ìyá mi jẹ́.

Mo ti fi ìwé rẹ sínú àpò ìwé yìí kan náà. Túmọ̀ rẹ̀, ọmọ mi. Bí wọ́n mú un, bí wọn ò mú un, a ti mọ ẹni tó ni í. Ọlọ́run á là ọ́ lóye sí i. Òṣogbo á gbè ọ́. Ilé ayé kò ní fi ọ́ ṣe ẹ̀rín bí mo ṣe fi ọ́ ṣe é lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Àmín.

Èmi ni Daddy rẹ tó ń retí ohùn rẹ,
Mọ́nsúrù.

Àfikún: Mo ti bọ́ bàtà. Hásto rímẹ́lì. Jọ̀wọ́, má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́ lórí ìdúró, orúnkún yìí ò tíì san tán.