Màmá Oríkèé, Ẹni Tó Kọ̀wé Tako Iṣẹ́ Ara Wọn

Ní ọdún 1946 ni a bí Màmá wa, olóògbé, sí iyàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Aránṣọ ni ìyá wọn, Màmá sì ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ márùn-ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní 1952 pẹ̀lú ọwọ́ tí gírísì ò tán lára rẹ̀.

Orúnkún ìyá wọn tó ń dùn wọ́n nídìí maṣíìnì ló gbé Màmá dé yunifásítì ní 1966. Ní 1972 ni wọ́n fẹ́ Bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò. Ní 1975 ni Màmá wọ ilé ìwádìí, iyàrá tóóró kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, wọ́n sì ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì inú eegun rírọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí eegun méjì fi ara gbo ara. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ wọ́n ní Màmá Oríkèé, nítorí “Orúnkún ńkọ́?” ni Màmá fi ń kí èèyàn kí wọ́n tó béèrè ilé.

Ní 1991, Màmá kéde pé èròjà kan tí ara fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì lè mú kí sẹ́ẹ̀lì arúgbó tún máa kọ́ eegun rírọ̀. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti fẹ́ẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àfi ìgbà tí Màmá rántí pé àwọn ò fi ebi pa sẹ́ẹ̀lì náà kí àwọn tó ránṣẹ́ sí i. Omi ẹ̀jẹ̀ màlúù tí wọ́n fi ń bọ́ ọ ti kún fún oríṣiríṣi iṣẹ́ tí ara ń rán tẹ́lẹ̀. Ta ló wá mọ èyí tó gbọ́? Bàbá wa ní kí Màmá pa ẹnu mọ́: “Ta ló bi ọ́?” Màmá kọ̀wé sí gbogbo ayé pé àwọn ṣàṣìṣe. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n lọ ráúráú. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò bi Màmá léèrè iṣẹ́ mọ́.

Màmá tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Odindi ọdún mọ́kànlá! Ní 2002 ni wọ́n rí i pé iṣẹ́ náà ń dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà mìíràn ló ń gbà wọlé, ni “kọ́ ọ” bá di “wó o.” Bí a ó ṣe ti ẹnu ọ̀nà náà ló kù, Màmá ò sì tíì rí i ṣe tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2011.

Màmá kì í pa ìsìn jẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í kúnlẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run mọ ohun tó wà nínú orúnkún àwọn. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà àdúgbò bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀, kò sì sí àwáwí tó ń wọ̀ wọ́n létí.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún Màmá. Màmá tọrọ ohun tí dókítà gé kúrò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ kan tó ti di ọ̀gá nílé ìwádìí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2025, Màmá dágbére fáyé. Wọ́n fi Bàbá wa, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ikú Màmá ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wá sílé. Ó ní òun ti ti ẹnu ọ̀nà yẹn pa, sẹ́ẹ̀lì Màmá, sẹ́ẹ̀lì ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, sì ń kọ́lé. Bàbá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá sunkún, wọ́n wá kọjú sí wa: “Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú pé mo ní kó bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé kò gbà fún mi.”

A ti kọ ọ́, Màmá. Ẹ máa sùn ní àlàáfíà.